Pákó Tó Dúró Sípò Ìwé

Abẹ̀bẹ̀ ló ń fẹ́ sí ìwé nígbà tí Chizuru kọ́kọ́ rí i.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín, àwa tí a wà níbẹ̀ ti bá yín rín in tán. Ọkùnrin gìrìwò kúnlẹ̀ sórí ẹní, ó ṣí ìwé àtijọ́ kan síwájú, ó ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí i jẹ́jẹ́, bí ìyá ọlọ́mọ tí kò fẹ́ kí eṣinṣin bà lé ọmọ òun. Òógùn ń ṣàn ní iwájú orí tirẹ̀ gan-an, kò fẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sí ara rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ sísá ìwé ni. Òjò ọlọ́jọ́ gbọọrọ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, kòkòrò ń ké lórí igi bí ẹni tí wọ́n gbé iṣẹ́ ariwo fún. A ti tẹ́ ẹní kún ilẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ilé Àgbà, ìwé ṣíṣí sì lọ salalu bí ẹja tí wọ́n sá sétí òkun. Àwa obìnrin tí à ń nu eruku ń kọrin:

*Afẹ́fẹ́, wá ka ìwé yìí,*
*Èmi ò mọ̀ ọ́n kà.*
*Ṣí i níwájú, ṣí i lẹ́yìn,*
*Kòkòrò, jáde ńbẹ̀!*

Chizuru dúró lẹ́yìn ọkùnrin náà. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ó ní. "Ṣé ó ti sùn?"

Ọkùnrin náà kò gbójú sókè. "Ó kù díẹ̀. Bí ẹ bá jí i, ẹ̀yin lẹ máa pọ̀n ọ́n."

"Èmi tí mi ò tíì lọ́kọ! Ẹ fẹ́ kí wọ́n máa bi mí pé ta ni bàbá ẹ̀?"

Ó wá gbójú sókè. Ó rí i pé ọmọ Ọ̀gá Murase tó ń ṣọ́ ìwé Ilé Àgbà ni. Abẹ̀bẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó bọ́ sórí ìwé, ìwé náà pa dé pàó. Chizuru rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn o. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ dé, ohun tó korò tọ̀ ọ́ lẹ́yìn.

Ilé ìkàwé yunifásítì wa kì í ṣe ilé kan, ilé mẹ́jọ ni. Wọ́n ní ilé ìṣúra ọba àtijọ́ kan ló bí gbogbo wọn: ìwé inú rẹ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn oníṣègùn ní ìwé àwọn kò lè bá ìwé ẹlòmíì sùn, wọ́n kọ́ tiwọn. Àwọn amòfin kọ́ tiwọn. Àwọn oníṣẹ́ àgbẹ̀ kọ́ tiwọn sẹ́yìn ọgbà. Wọ́n wá dà bí ìyàwó mẹ́jọ nínú agboolé kan tí kálukú dá ààrò tirẹ̀: kálukú pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, ìgbéraga tirẹ̀, àti nọ́ńbà tirẹ̀. Pẹpẹ kìíní wà níbí, pẹpẹ kìíní wà lọ́hùn-ún. Ilé Àgbà nìkan ló ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó gba afẹ́fẹ́, ibẹ̀ ni gbogbo wọn ń kó ìwé wá sá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Bí wọ́n bá sá a tán, wọ́n á ka iye rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì fi àmì kékeré bí ojú ẹyẹ sẹ́yìn ìwé, nínú èèpo: Ilé Àgbà pupa, iṣẹ́ àgbẹ̀ àwọ̀ ewé, oníṣègùn dúdú.

Káàdì ni Chizuru ń kọ ní Ilé Àgbà. Ìwé tuntun tó bá wọ èyíkéyìí nínú ilé mẹ́jọ, káàdì rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kí ẹni tó ń wá ìwé má baà rin ilé mẹ́jọ bí alágbe. Ọkùnrin náà, Tokuji Onodera, òṣìṣẹ́ tó ń gbowó ojúmọ́ ni ní ilé iṣẹ́ àgbẹ̀. Ọmọ ẹni tó ń sun èédú ni láti orí òkè, kò ní ìyá, kò ní bàbá. Òun ló ń gun àkàbà mú ìwé. Òun náà ló ń gbé káàdì wá ní gbogbo Ọjọ́bọ̀.

Chizuru bẹ̀rẹ̀ sí í wá àṣìṣe.

"Ẹ wò ó, káàdì yìí kò dáa. Ẹ tún un kọ."

"Kí ló ṣe é?"

"Ó wọ́."

"Káàdì ló wọ́ ni, àbí ọrùn yín?"

"Ẹ gbé e padà wá lọ́la, ẹ̀yin aláfojúdi."

Lọ́jọ́ kejì á tún dé pẹ̀lú káàdì kan náà, kò yí nǹkan kan padà, Chizuru á wò ó, á ní ó ti dára báyìí. Ní ìgbà òtútù, ó máa ń ki ànàmọ́ sísun bọ àyà ẹ̀wù wá fún un. Lọ́jọ́ kan ó tì í sínú dúrọ́ọ̀ káàdì, òórùn rẹ̀ gba gbogbo yàrá. Ọ̀gá Murase wọlé, ó fín imú.

"Ta ló ń sun ànàmọ́ láàárín ìwé?"

Chizuru ti di òkúta. Tokuji ti la ẹnu. Mo sáré, mo ní, "Èmi ni, Ọ̀gá. Ebi ló pa mí." Nítorí èmi ni mò ń gbálẹ̀ níbẹ̀, orúkọ mi ni Sawa, kò sì sí ibi tí wọ́n fẹ́ rẹ̀ mí wálẹ̀ sí ju ìsàlẹ̀ ìgbálẹ̀ lọ. Ó bú mi. Lẹ́yìn ìgbà náà Tokuji fún mi ní ìlàjì ànàmọ́ náà.

"Àǹtí Sawa," ó ní, "bí ẹ ṣe gbé ẹ̀bi náà rù yẹn, mi ò ní gbàgbé."

Kò gbàgbé lóòótọ́. Ì bá sàn kó gbàgbé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí Ọ̀gá Murase jẹ́. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ṣọ́ yàrá ìwé àtijọ́ ní Ilé Àgbà, ìwé kan kò sọnù lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà ogun, ó di ìwé ní okùn, ó kó o sínú kẹ̀kẹ́ màlúù lọ sórí òkè, ó sì sùn tì í. Ìyàwó rẹ̀ kú ní ìlú lọ́dún náà, ó gbọ́ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin. Kọ́kọ́rọ́ yàrá yẹn wà lọ́rùn rẹ̀ bí ẹni pé òun ló bí i. Kò lọ́mọkùnrin. Ẹni tó bá fẹ́ Chizuru gbọ́dọ̀ wá jẹ́ orúkọ ilé wọn, kí orúkọ má baà kú.

Ní ọdún kejì, Tokuji lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó dorí kodò.

"Ṣé o ti sọ ìwé nù rí?" Ìyẹn nìkan ni bàbá bi í. Kò béèrè oko, kò béèrè ilé.

"Rárá, Ọ̀gá."

"Ní ọ̀sẹ̀ sísá ìwé tó ń bọ̀, ìwọ ni mo máa ní kí wọ́n fi ìwé iṣẹ́ àgbẹ̀ lé lọ́wọ́. Bí iye rẹ̀ bá pé, o di òṣìṣẹ́ gidi, o di ọmọ mi, o jẹ́ orúkọ mi. Bí ẹyọ kan bá dín, má ṣe bá ilẹ̀kùn mi pàdé mọ́. Ẹni tó bá máa jẹ́ orúkọ mi kò gbọdọ̀ sọ ìwé nù."

Chizuru ń gbọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Nígbà tí Tokuji jáde, ó gbá a mú létí ẹ̀wù. "Kà á dáadáa o, olólùfẹ́ mi. Bí o bá ṣì í kà, ọkọ wo ni kí n fẹ́?"

"Mo máa kà á bí ẹni ń ka eyín rẹ."

"Eyín mi dín kan."

"Mo mọ̀. Apá òsì, lẹ́yìn."

Ó ṣẹ́jú sí i. Ojú tì í, inú rẹ̀ dùn.

Ní ilé ìkàwé wa, ìwé iyebíye kì í fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Ẹni tó bá yọ ọ́ á ki pákó tẹ́ẹ́rẹ́ bọ àlàfo náà, á kọ ọ́ sí i: ohun tí wọ́n mú, ẹni tó mú un, ọjọ́ tó jáde, ọjọ́ tó máa padà. Bí ìwé kò bá tíì padà, pákó kò gbọdọ̀ kúrò. Èèwọ̀ ni. Lọ́dún náà Tokuji kọ orúkọ rẹ̀ sórí pákó mẹ́rìndínlógójì, ó sì kó ìwé mẹ́rìndínlógójì jáde.

Ọjọ́ márùn-ún lọ dáadáa. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹfà, Ọ̀gá Murase ka ìwé yàrá rẹ̀ tán lórí ẹní, ó pé, ó fọwọ́ síwèé. Ó ku kí wọ́n dá wọn padà sórí pẹpẹ. Ti iṣẹ́ àgbẹ̀ ni wọ́n máa kà lọ́sàn-án. Ni ọ̀run bá ṣú bí ìdí ìkòkò, ààrá sì sán.

"Ẹ gbé e wọlé! Ẹ gbé e wọlé!"

Afẹ́fẹ́ tí a ti fi orin bẹ̀ wá dé pẹ̀lú ìbínú. Ó ká ẹní, ó gbá ìwé oníwèé sórí ìwé oníwèé. Gbogbo wa ń sá, a fi ara bo ìwé bí ẹyẹ ṣe ń fi ìyẹ́ bo ọmọ. Chizuru kó ìwé ẹ̀kún apá kan, ó sáré wọ yàrá bàbá rẹ̀, ó tò ó sórí pẹpẹ, ó tún jáde, ó tún kó. Ìwé kan tín-ín-rín tí èèpo rẹ̀ búlúù wà nínú ẹ̀kún apá ìkẹta.

Nígbà tí òjò dá, wọ́n ka ti iṣẹ́ àgbẹ̀. Márùndínlógójì. Wọ́n tún un kà. Márùndínlógójì. Ìwé kòkòrò sílíkì ni kò sí, èyí tí wọ́n fi ọwọ́ ya àwòrán rẹ̀ nígbà ọba àtijọ́, tí kò sí ẹlẹ́ẹ̀kejì rẹ̀ níbì kankan.

"Ta ló gbé ìwé eléèpo búlúù?" ni Ọ̀gá Murase béèrè níwájú àwọn àgbà ilé mẹ́jọ.

Chizuru rántí búlúù lápá rẹ̀. Ó la ẹnu.

"Èmi ni, Ọ̀gá," ni Tokuji wí. "Èmi ni mo gbé e."

Chizuru pa ẹnu rẹ̀ dé.

Lẹ́yìn ilé, lábẹ́ etí òrùlé tó ṣì ń kán, ó di Tokuji lẹ́wù mú. "Kí ló dé? Èmi ni mo gbé e! Mo rántí!"

"Mo rí ọ. Bí o bá sọ ọ́, ọwọ́ bàbá rẹ ló máa kọ orúkọ rẹ sínú ìwé àkọsílẹ̀. Ìyẹn máa pa á. Ìwé kò lẹ́sẹ̀, ọ̀wọ́n mi. A máa rí i."

Wọ́n wá ilé iṣẹ́ àgbẹ̀ kiri fún ọjọ́ mẹ́wàá. Wọn kò rí i. Chizuru lọ bá bàbá rẹ̀ nídìí oúnjẹ.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká wo yàrá yín lẹ́ẹ̀kan."

"Yàrá mi pé. Mo kà á, mo fọwọ́ sí i."

"Ẹ̀ẹ̀kan péré, Bàbá."

Bàbá gbé ọpọ́n ìrẹsì sílẹ̀. "Ṣé o fẹ́ wí pé bàbá rẹ kò mọ iye ìwé kà?"

Ibẹ̀ ló yẹ kó ti sọ pé, èmi ni mo gbé e. Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀fun. Ó gbé e mì pẹ̀lú ìrẹsì. Òun fúnra rẹ̀ sọ fún mi pé láti ọjọ́ náà, ìrẹsì kò dùn lẹ́nu òun mọ́.

Wọn kò lé Tokuji. Èyí tó burú ju lílé lọ ni wọ́n ṣe: wọ́n rán an lọ sí igbó yunifásítì ní ìhà àríwá pátápátá, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kọ́ igi gbíngbìn. Ilé ìkàwé kan wà níbẹ̀, àádọ́rin ìwé àti ààrò kan. Ọjọ́ tó ń lọ, Chizuru kò lè dé ibùdó rélùwéè. Èmi ni mo gbé ìrẹsì dídì mẹ́ta lọ fún un.

"Ẹ sọ fún un kó má dúró dè mí," ó ní.

"Ṣé o fẹ́ kó má dúró?"

Ó wo ojú irin. "Àǹtí Sawa, ẹ má bi mí ní ìyẹn."

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún sá ìwé, a tún kọrin, ohùn wa kò ròkè. Ọ̀gá Murase ka yàrá rẹ̀, ó jáde níbẹ̀, ojú rẹ̀ rí bí eérú. A rò pé oòrùn ni. Láti ìgbà náà kò gba ẹnikẹ́ni láàyè kó ràn án lọ́wọ́ nínú yàrá yẹn. Òun nìkan ló ń kó o jáde, òun nìkan ló ń kà á, òun nìkan ló ń kó o wọlé. Lọ́dún yẹn gan-an ni wọ́n gbé àwòrán rẹ̀ kọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀: ẹni tí ìwé kò sọnù lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ó dúró lábẹ́ àwòrán náà lọ́jọ́ ayẹyẹ bí ẹni tí wọ́n so mọ́ òpó.

Chizuru kọ lẹ́tà sí àríwá. Lẹ́tà mẹ́rìnlá. Èsì kan ṣoṣo ló dé: *Má dúró dè mí. Òtútù ibí kò yẹ ọ́.* Ó kọ ọkọ mẹ́ta tí wọ́n mú wá. Bàbá rẹ̀ kò fipá mú un, kò sì bi í ní ìdí. Wọ́n ń jẹun kọjú síra, ọdún ń gorí ọdún. Nígbà tí bàbá ń kú lọ, ní ọdún kọkànlá, ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú. "Chizuru, má bínú sí mi." Ó rò pé nítorí ọ̀rọ̀ ọkọ ni. "Mi ò bínú, Bàbá," ó ní. Ó sunkún, ó sì sin ín tọkàntọkàn.

Ẹ̀rọ amúlétutù wá dé. Wọ́n ní kò sídìí láti sá ìwé mọ́. Orin wa náà kú bẹ́ẹ̀.

Ọdún kẹtàlélógún tí Tokuji lọ ni yunifásítì ní ó tó gẹ́ẹ́. Ilé mẹ́jọ máa di ọ̀kan: ilé tuntun alájà mẹ́fà, kọ̀ǹpútà kan, nọ́ńbà kan. Inú mi dùn sí ilé náà, nítorí fèrèsé rẹ̀ rọrùn láti nù. Wọ́n fi Chizuru sí yàrá bàbá rẹ̀ kó máa fi aṣọ tútù yọ nọ́ńbà àtijọ́ kúrò lẹ́yìn ìwé. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni báyìí, ó ti ń lo gíláàsì. Mò ń gbálẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ń pè é jáde: "Pẹpẹ kẹrin, ìkọkàndínlógún. Pẹpẹ kẹrin, ogún. Pẹpẹ kẹrin, ìkọkànlélógún. Pẹpẹ kẹrin..."

Ó gbé aṣọ tútù sílẹ̀.

"Kí ni?" mo ní.

"Ìkọkànlélógún méjì ló wà níbí, Àǹtí Sawa."

Ó fà á jáde. Èèpo búlúù.

Ẹ ti mọ bó ṣe débẹ̀. Ilé iṣẹ́ àgbẹ̀ ní pẹpẹ kẹrin tirẹ̀, Ilé Àgbà ní tirẹ̀. Ọmọ Ilé Àgbà, nínú òjò, nínú ìkánjú, rí nọ́ńbà, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ ibẹ̀ bí ọwọ́ ṣe ń mọ ẹnu. Ìyẹn kò le. Èyí tó le ni pé ó ṣí ẹ̀yìn ìwé náà. Àmì aláwọ̀ ewé ti iṣẹ́ àgbẹ̀ tò wá ní ìlà, ó dé ọdún tó ṣáájú ọdún òjò, ó dúró. Àmì pupa wá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ọwọ́ bàbá rẹ̀ ni; ta ni kò ní mọ àmì pupa róbótó tí kì í yí gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ yẹn?

Ó fi èékánná kà á. Mọ́kànlá.

Ọdún mọ́kànlá ni Ọ̀gá Murase lò láyé lẹ́yìn tí Tokuji lọ. Lọ́dọọdún ló ń bá ìwé náà pàdé, tó ń kà á, tó ń fi àmì sí i, tí ọwọ́ rẹ̀ kò lè fo ìwé kan láìkà. Lọ́dọọdún ló ń dá a padà sórí pẹpẹ, tó sì ń pa ẹnu mọ́.

Mo rò pé ó máa sunkún. Ẹ̀rín ló rín, ẹ̀rín bí igi tó ń là.

"Bàbá mi kò sọ ìwé nù lóòótọ́, Àǹtí Sawa," ó ní. "Èèyàn ló sọ nù."

Ó dìde, ó gba ẹ̀yìn ọgbà lọ sí ilé iṣẹ́ àgbẹ̀, mo tẹ̀ lé e. Wọ́n ti kó ìwé ibẹ̀ lọ tán. Pẹpẹ gbogbo wà lófìfo, wọ́n funfun fún eruku. Lórí ìkẹrin, pákó kan dá dúró gangan. Àwọn alágbàṣe kò fọwọ́ kàn án, nítorí wọ́n ní ìwé rẹ̀ kò tíì padà. *Tokuji Onodera.* Chizuru yọ ọ́, ó fi aṣọ orí rẹ̀ nù ún, ó tì í bọ àyà ẹ̀wù, níbi tí ànàmọ́ sísun ti máa ń wà lára ọkùnrin náà nígbà kan.

Ọjọ́ kan àti ààbọ̀ ni rélùwéè gbà dé àríwá; òun fúnra rẹ̀ ló padà wá ròyìn rẹ̀ fún mi. Ó bá ilé pákó kékeré kan láàárín igi. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, àádọ́rin ìwé wà lórí ẹní. Ẹni tí irun rẹ̀ ti funfun kúnlẹ̀ sídìí wọn, abẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé wọ́n ti dá sísá ìwé dúró.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni Chizuru wí. "Ṣé ó ti sùn?"

Abẹ̀bẹ̀ dúró. Kò yíjú. "Ó ti pẹ́ tó ti sùn. Ó ti ń hanrun."

Ó gbé ìwé búlúù síwájú rẹ̀, ó gbé pákó lé e. Tokuji ṣí ẹ̀yìn ìwé náà, ó rí àmì, ó fi àtàǹpàkò kọjá lórí wọn.

"Mo mọ̀," ó ní.

"O mọ kí ni?"

Ó nawọ́ sínú ilé. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, àpótí pákó pẹlẹbẹ mọ́kànlá gorí ara wọn. Káàdì ló kó sínú wọn. "Ní gbogbo ọdún tuntun, èso kákì gbígbẹ máa ń dé nínú irú àpótí yìí láti ìlú yín. Kò sí lẹ́tà, kò sí orúkọ. Ṣùgbọ́n mo mọ ọwọ́ tó so okùn yẹn. Bí wọ́n ṣe di ìwé nígbà ogun ni wọ́n ṣe dì í. Àpótí kìíní ni mo fi mọ̀ pé bàbá rẹ ti rí ìwé náà."

"O jẹ ẹ́?"

"Mo jẹ ẹ́. Ó dùn."

Chizuru já abẹ̀bẹ̀ gbà, ó fi na èjìká rẹ̀, ọ̀tún, òsì. "Ó dùn! Èmi ń jẹ omijé, ìwọ ń jẹ kákì! Kí ló dé tí o kò sọ?"

"Kí n sọ ọ́, kí o kọ bàbá rẹ sílẹ̀? Èmi tí mi ò ní bàbá, kí n wá gba tìrẹ? Nígbà tí kákì kò dé mọ́, mo mọ̀ pé ó ti lọ. Mo kọ lẹ́tà. Mo fà á ya. Mo ní o ti lọ́kọ, o ti bí mẹ́ta."

"Ẹ̀yin ọkùnrin méjì jókòó lé mi lórí bí adìyẹ lórí ẹyin. Kò sí ẹni tó bi mí bóyá mo fẹ́ pa."

"Ìwọ náà ńkọ́?" ó ní, ohùn rẹ̀ rọ̀. "Ẹnu rẹ là lọ́jọ́ yẹn. Mo rí i."

Chizuru jókòó sílẹ̀ láàárín àwọn ìwé. "Ó là," ó ní. "Mo pa á dé. Ojoojúmọ́ ni mo ń rántí bí mo ṣe pa á dé."

Afẹ́fẹ́ ń ṣí ìwé fún wọn.

"Mi ò lè bímọ fún ọ mọ́," ni Chizuru wí nígbẹ̀yìn.

"Àádọ́rin ló wà nílẹ̀. Wọn kì í sunkún."

"Inú ń bí mi, Tokuji. Sí bàbá mi, sí ọ, sí ara mi. Kò ní lọ bọ̀rọ̀."

"Máa gbé e bọ̀. Òjò dídì máa ń pẹ́ níbí, ìbínú rẹ á rí nǹkan ṣe." Ó gbé abẹ̀bẹ̀ nílẹ̀, ó fẹ́ ẹ sí òógùn ọrùn Chizuru, ẹ̀ẹ̀mẹta, jẹ́jẹ́. "Orúkọ ta la máa jẹ́? Bàbá rẹ fẹ́ kí n jẹ́ tiyín."

"Tìrẹ la máa jẹ́. Tiwa ti wúwo jù."

Chizuru padà wá parí iṣẹ́, ó sì kó ìwé àti pákó dání. Ó mú ìwé búlúù lọ bá ọmọge tó ń tẹ kọ̀ǹpútà, ó ní kó kọ gbogbo rẹ̀ sí i: ẹni tó gbé e, ibi tó gbé e sí, ẹni tó rí i tí kò sọ, ẹni tó jìyà rẹ̀.

"Ẹ má bínú, Mà," ni ọmọge wí. "Kò sí àyè fún ìyẹn. Ọ̀rọ̀ méjì ló ń gbà: ó wà, tàbí kò sí."

Chizuru wo ojú ẹ̀rọ náà títí. "Kọ ọ́ pé ó wà," ó ní.

Bí wọ́n ṣe san ọdún mẹ́tàlélógún padà fún un nìyẹn.

Ọjọ́ tó kẹ́yìn, ó yí àwòrán bàbá rẹ̀ kọjú sí ògiri. Lẹ́yìn wákàtí kan ó padà wá, ó yí i síta, ó tún okùn rẹ̀ ṣe kó má wọ́. Ó kí gbogbo wa, ó fún mi ní ife tíì rẹ̀, ó lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wọ yàrá káàdì láti nu àga. Pákó kan dúró lórí àga rẹ̀. Ìwé tí mo kà kò pọ̀, mo fi ìka tọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ kà. Pákó àtijọ́ náà ni. Orúkọ ìwé kòkòrò sílíkì ni ó ti fá kúrò, tó fi ọwọ́ rẹ̀ dáradára kọ tirẹ̀ sípò.

*Ohun tí wọ́n mú: Chizuru.*
*Ẹni tó mú un: Tokuji Onodera.*
*Ọjọ́ tó jáde: òní.*
*Ọjọ́ tó máa padà:*

Kò kọ nǹkan kan síbẹ̀.

Ọ̀sán ni àwọn alágbàṣe dé láti kó àga lọ sínú ilé tuntun. Ọ̀kan nínú wọn nawọ́ sí pákó náà. Mo gbá a lọ́wọ́ pẹ̀lú ìgbálẹ̀.

"Fi sílẹ̀ níbẹ̀," mo ní. "Èèwọ̀ ni. Ohun tí wọ́n mú kò tíì padà."